Jọ, papọ̀, kòńgẹ́: bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1826 ni John Adams àti Thomas Jefferson kú. Àwọn méjèèjì ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Jefferson kú ní ọ̀sán ní ilé rẹ̀ ní Monticello, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Adams kú ní ìrọ̀lẹ́ ní Quincy, ní Massachusetts. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn èyí ní Yorùbá, tó wá kọ ọ́ pé "wọ́n jọ kú", ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí ohun tí etí máa gbọ́ ni pé ọkọ̀ kan ló dànù tàbí ilé kan ló wó lù wọ́n. Bó bá kọ ọ́ pé "wọ́n kú ní ọjọ́ kan", kò tíì sọ nǹkan kan; gbogbo ẹni tó kú ló kú ní ọjọ́ kan. Gbólóhùn tó tọ́ ni "Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú."

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, wọn kò sì ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Lóde òní "papọ̀" ti di ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń lò fún gbogbo rẹ̀, pàápàá nínú ìròyìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò dára, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ló ń sọ fún òǹkàwé bóyá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn, bóyá wọ́n ṣètò rẹ̀, àti bóyá ọ̀kan ló bí èkejì.

Kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun mẹ́ta. Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni, àbí méjì? Bó bá jẹ́ méjì, ṣé ìgbà kan náà ni wọ́n wáyé, àbí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì? Ṣé ẹnì kan ṣètò rẹ̀, àbí ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni?

Jọ: ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ènìyàn púpọ̀

"Jọ" wà fún ìṣe kan ṣoṣo tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpín nínú rẹ̀. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń wà: "A jọ ra ilẹ̀ náà." Bí "ti", "á" tàbí "yóò" bá wà nínú gbólóhùn, wọ́n máa ń ṣáájú rẹ̀: "a ti jọ sọ ọ́", "wọ́n á jọ lọ". Ẹ̀yìn rẹ̀ ni "ń" máa ń wà: "a jọ ń gbé". Olùwà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan. "Mo jọ lọ" kì í ṣe Yorùbá. "Èmi àti Bísí la jọ lọ" ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ni ìrìn náà tí èkejì sì tẹ̀ lé e, "bá" ni ká lò. "Mo bá Bísí lọ sí Ìbàdàn" ń sọ pé Bísí ló ní ìdí tó fi ń lọ. "Èmi àti Bísí jọ lọ sí Ìbàdàn" kò gbé ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ẹ ṣọ́ra fún "jà" níbí. "Mo bá a jà" túmọ̀ sí pé òun gan-an ni mo kọjú ìjà sí. "A jọ jà" ṣòro díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbọ́ ọ bíi pé a kọlu ara wa. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà la wà, ẹ kọ "A jọ bá wọn jà", kí iyèméjì lè tán.

Ibi tí "jọ" ti léwu jù ni ìròyìn ọ̀daràn. "Àwọn méjèèjì jọ jáde nílé ọtí náà" ti sọ pé wọ́n mọ ara wọn, pé ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹlẹ́rìí rí kò ju pé wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde láàárín ìṣẹ́jú kan lọ, ohun tó yẹ ká kọ ni "Ìgbà kan náà ni wọ́n jáde." Ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè sọ aládùúgbò lásán di alájọṣe ọ̀daràn lójú ẹni tó ń kà á. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ní kóòtù kò gbọdọ̀ fi í sí ẹnu ẹni tí kò sọ ọ́.

"Jùmọ̀" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó wúwo lẹ́nu. Ìwé àdéhùn, ìwàásù àti orin ìsìn ló bá mu. Kò sí ìyá tó máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé "ẹ jùmọ̀ jẹ iyán yẹn".

"Jọ" kan tún wà tí kì í ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀: kó owó jọ, gbá pàǹtí jọ. Èyí ń sọ nípa ohun tó ti wà káàkiri tẹ́lẹ̀ tí a wá mú wá sójú kan. Òun ló wà nínú òwe "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà": ìka márùn-ún ni a gbá jọ kí ó tó di ìkúùkù.

Pọ̀, àti ẹni tó dá a sílẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ṣáájú "pọ̀" ló ń sọ ẹni tó fa ìdàpọ̀. Ìtàn Nàìjíríà fún wa ní àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Lọ́dún 1914, Lugard *pa* ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù *pọ̀*: ẹni tó wà lókè ló ṣe é, kò sì sí ìdìbò kankan. Lọ́dún 1961, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kejì, ìhà Gúúsù Kamẹrúùnù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso *dara pọ̀ mọ́* Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìhà Àríwá rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá kọ "dara pọ̀" fún 1914 ti yí ìtàn padà láìmọ̀. "Para pọ̀" ni ti àwọn tó fúnra wọn mú ara wọn wá sójú kan láìsí ẹni tó jẹ́ àgbà fún èkejì, ibẹ̀ ni a sì ti rí "ìparapọ̀" tí à ń fi pe ẹgbẹ́ àti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè.

Bí àbọ̀ (ohun tí a ṣe ìṣe náà sí) bá wà, àárín ni kí ẹ fi í sí: "pa owó náà pọ̀", kì í ṣe "papọ̀ owó náà". Àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀ gan-an nínú ìpolówó ọjà àti nínú ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe.

Bí a ṣe ń wá orírun ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣeé tú palẹ̀. Ẹ bọ́ fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ohun tó kù lè dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú ohùn tó ní nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì wá fi àbọ̀ sí àárín rẹ̀. Àjọyọ̀ ni à + jọ + yọ̀, ayọ̀ tí a jọ yọ̀. Ẹnì kan kò lè dá ṣe àjọyọ̀. Àjọṣe ni à + jọ + ṣe. Ìjọ ni ì + jọ. Àpapọ̀ ni à + pa + pọ̀, tó wà nínú "ìjọba àpapọ̀". Ìparapọ̀ ni ì + pa + ara + pọ̀. Ìfohùnṣọ̀kan gùn díẹ̀, ì + fi + ohùn + ṣe + ọ̀kan, ìpàrójẹ ló mú un kúrú.

Ìyípadà ohùn kan wà tó yẹ ká mọ̀, kó má baà dà wá láàmú. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "dà" inú "ìdàpọ̀" fi di "da" nínú "da ara pọ̀". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni.

Ohùn yìí kan náà ló ń tú àṣírí ìtúpalẹ̀ tí kò tọ́. Ẹni púpọ̀ máa ń sọ pé "pàdé" wá láti "pa" àti "dé". Ẹ dán an wò. "Padé", tó jẹ́ ti ilẹ̀kùn, ṣeé là: "pa ilẹ̀kùn dé". "Pàdé", tó jẹ́ ti ènìyàn, kò ṣeé là: "mo pàdé ọ̀rẹ́ mi" ni a ń sọ, kò sẹ́ni tó ń sọ "mo pa ọ̀rẹ́ mi dé" nígbà tó bá fẹ́ sọ pé òun rí i lọ́nà. Ohùn wọn yàtọ̀, ìlànà àbọ̀ wọn yàtọ̀, nítorí náà ẹ fi "pàdé" sílẹ̀ ní odidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe so "àjọ" mọ́ "àjò" tí à ń rìn tàbí "ajọ̀" tí a fi ń jọ̀ nǹkan. Lórí fóònù tí kò sí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn orírun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti ń jáde.

"Alábàápàdé" yẹ fún àlàyé tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ ló ń ṣì í kọ. Láti inú "bá pàdé" ni a ti rí "àbápàdé". "Oní" wá so mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i náà ló ṣẹlẹ̀ sí "àkóso" tó di "alákòóso" àti "àbójútó" tó di "alábòójútó". Nígbà tí ohùn òkè "ní" gba orí fáwẹ̀lì "à", ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí fáwẹ̀lì náà kò parun. Ó sún sórí sílébù tó tẹ̀ lé e. Sílébù yẹn sì ti ní ohùn òkè tirẹ̀, nítorí náà ó gùn kó lè gba ohùn méjèèjì: bàá. Ẹni tó bá kọ "alábápàdé" ti pa fáwẹ̀lì kan jẹ.

"Kòńgẹ́" ní tirẹ̀ kò ní fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ tí a lè bọ́. Ẹgbẹ́ wẹ́kú, rẹ́gí, déédéé ni ó wà, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn gan-an ń gbé bí nǹkan ṣe bá ara mu yọ, tí gbogbo wọn sì ń bá "ṣe" rìn. Kò sí ìdí láti fi ipá la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kan náà

"Náà" ló ru gbogbo ẹrù níbí. "Nígbà kan" jẹ́ ìgbà kan rí. "Nígbà kan náà" ni ti ohun méjì tó pín àkókò. "Ìlú kan ni wọ́n ti wá" àti "Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá" kò jọra rárá. Bí ẹ bá ń ṣàtúnṣe ìwé, ẹ wá gbogbo "kan" tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ bi í bóyá "náà" rẹ̀ ti bọ́.

Fún ohun méjì tó ń lọ lọ́wọ́ pọ̀, Yorùbá ní ìhun kan tó dára ju gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ lọ: *bí … ti ń …, ni … ń …*. Òwe gbé e kalẹ̀ fún wa: "Egbìnrìn ọ̀tẹ̀, bí a ti ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú." "Ń" méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ "ń" méjèèjì, ìtumọ̀ á yí padà: "Bí a ti pa ọ̀kan ni ọ̀kan rú" ń sọ pé pípa náà parí kí rírú tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àlàfo àárín wọn kéré jù lọ, ẹ fi "gẹ́lẹ́" sí i: "Bí mo ti jókòó gẹ́lẹ́ ni iná lọ." Nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ṣe ohun méjèèjì, "bẹ́ẹ̀ ni" máa ń wọlé: "Bó ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sunkún."

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" kì í ṣe ti ìgbà kan náà. Ohun tó tẹ̀ lé òmíràn láìjáfara ni a ń lò ó fún. "Bákan náà" ń fi ìṣesí wé ìṣesí, kò sọ nípa àkókò. Bí ìwé ìlò oògùn bá fẹ́ sọ pé kí aláìsàn lo oríṣi méjì pọ̀, tí atúmọ̀ wá kọ "ẹ lo èkejì bákan náà", aláìsàn lè rò pé iye kan náà ni kó lò. "Ẹ lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà" ni kí ó kọ.

Ọjọ́ tó bọ́ sí ara wọn

Fún ọjọ́ àti àyájọ́, "bọ́ sí" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ: "Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀." Ikú Adams àti Jefferson bọ́ sí àyájọ́ 50 ọdún tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1776.

Tí àkókò méjì bá gùn, tí apá kan nínú ọ̀kan sì wà nínú èkejì, ẹ lo "wọnú ara wọn". Ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2025. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù náà. Wọ́n wọnú ara wọn. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, nítorí náà Ràmàdánì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2030, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá.

Ọjà ìbílẹ̀ ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ń ná ọjà kan ní ọrọọrún, ìgbà wo ni yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì? Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé náà ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni méjì, Ọjọ́rú ni mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ ni mẹ́rin, Ẹtì ni márùn-ún, ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n tún máa ná an. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ fi 4 sọ 7 di púpọ̀: ọjọ́ 28. Ẹni tó bá fi 5 ṣe é yóò gba 35, yóò sì dé ọjà lọ́jọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìlànà kan náà ni fún ọjà ìsán: àlàfo rẹ̀ jẹ́ 8, yóò pàdé ọjọ́ Ẹtì ní ọjọ́ 56 síra. Ìpàdé ìtàdógún ní àlàfo 16, tirẹ̀ á sì jẹ́ 112. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ìpàdé wọn sí ìtàdógún ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kọ ọjọ́ 17 sórí kàlẹ́ńdà gbọ́dọ̀ tún un kà.

Kòńgẹ́ àti àgbákò

Nígbà tí kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀, tí nǹkan méjì sì ko ara wọn, "ṣe kòńgẹ́" ló dé. "Kòńgẹ́" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà ohun tí a pàdé máa ń tẹ̀ lé e: "mo ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀", "wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn". Etí Yorùbá máa ń retí ire lẹ́yìn rẹ̀, torí inú àdúrà la ti ń gbọ́ ọ jù: "Wàá ṣe kòńgẹ́ ire." Bó bá jẹ́ ibi, ẹ kúkú lo "kàgbákò", kò sí ẹni tó ń kàgbákò ire. "Ṣe alábàápàdé" ṣeé lò fún méjèèjì, ó sì bá ìwé ìròyìn mu.

Ṣẹlẹ̀ pọ̀ kì í ṣe fà

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Òwe ńlá ni, ó sì wúlò níbi tí àwọn àgbà ti ń fi í dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìròyìn ìlera kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìlànà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń wà pọ̀ lára ẹnì kan lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá kọ "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àtọ̀gbẹ rẹ̀", a ti sọ ohun tí dókítà kò sọ, aláìsàn sì lè rò pé bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ṣiṣẹ́, àtọ̀gbẹ náà á lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi rọ́pò "fa" pọ̀: "wà pọ̀ pẹ̀lú", "bá … rìn", "jẹ yọ nígbà kan náà". "Àtọ̀gbẹ sábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn" jẹ́ òótọ́, ó yé ni, kò sì ṣèlérí ìwòsàn. Ẹ tún ṣọ́ "ló" nínú àkọlé ìròyìn, torí ó máa ń gbé ẹ̀bi lé ohun tó ṣáájú rẹ̀. "Òjò ló ba ọ̀nà jẹ́" ti dá òjò lẹ́bi. Bí kò bá tíì sí ẹ̀rí, ẹ kọ "Ọ̀nà bàjẹ́ nígbà òjò", kí ẹ sì wá fi orúkọ ohun tó fà á sí i nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.